Bí Mo Ṣe Lọ Wá Ìkejì fún Fẹ́rì

Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ sún mọ́ra. Òjò yìí kò ní dá kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, kò sì sí ẹni tó tún lè dé oko nínú yín lónìí. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni òjò kó yín sí, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní nǹkan tí ẹ ó gbé relé. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó lọ sẹ́yìn, kó má sì hanrun, nítorí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, èmi nìkan ló ń pariwo.

Èmi ni Ọdẹ́níran ọmọ Akínbòdé, ọdẹ Ìdó-Àpáta. Ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn tó pa erin, ẹ ti gbọ́ ti àwọn tó bá ẹkùn jìjàkadì. Gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan. Erin ní ara. Ẹni tó lójú a rí i, ẹni tó níbọn a yìn ín. Ta ló tíì lọ dẹ ọ̀rọ̀ rí? Ta ló gbé ìbọn lé èjìká, tó wọ igbó iwin lọ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kékeré, ọ̀rọ̀ òyìnbó? Ẹ má wo ara yín lójú. Èmi náà ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni fẹ́rì. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé ìwé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kò lọ, ẹ jẹ́ kó yé yín: bí ohun kan bá dára, tó dára kọjá bẹ́ẹ̀, òyìnbó a fi fẹ́rì sí i. Bó ga kọjá ààlà, fẹ́rì. Bó burú kọjá àfẹnusọ, fẹ́rì náà ni. Kò sí ibi tí kì í dé.

Ọmọ mi Àrínọlá jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, ó ń lọ sílé ìwé lọ́dọ̀ Tíṣà Ṣówándé. Lọ́jọ́ kan Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orin nípa ẹnì kan tó mọ̀, kó jẹ́ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ìparí ìlà kan sì máa bá ìparí ìkejì dún, bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà. Àrínọlá ní èmi bàbá òun lòun ó kọ orin nípa rẹ̀. Ta ni ì bá tún kọ? Ó kọ ìlà àkọ́kọ́ pé bàbá òun gbóyà fẹ́rì. Ó wá ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá fẹ́rì dún ní ìlà kejì. Ó wá a títí, kò rí i. Nígbà tí mo ti oko dé lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ láti kí mi káàbọ̀, ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, “Fẹ́rì.”

Mo ní, “Kí lo wí?”

Ó ní, “Fẹ́rì.”

Ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹlá aya mi, rò pé ó ń ṣeré ni. Ó bi í bóyá ebi ń pa á. Fẹ́rì. Bóyá orí ń fọ́ ọ. Fẹ́rì. Ọmọ náà fi ọwọ́ di ọ̀fun mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò lè gbé òkèlè mì mọ́, ẹ̀kọ mímu nìkan la ń kán sí i lẹ́nu. Mo lọ bá Tíṣà. Tíṣà ní, “Baba, ẹ forí jì mí. Orin ni wọ́n kọ́ èmi náà, wọn ò kọ́ mi ní ibi tí wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ tó ń bá ara wọn dún.”

Ìyá mi tó bí mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ó fi ìka tẹ ọmọ náà lọ́fun, ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí kò rí ìkejì ló há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Ìkejì rẹ̀ nìkan ló lè fà á jáde. Bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún bá kọjá, á di ẹran ara, kò sì sí oúnjẹ tó tún máa kọjá níbẹ̀.” Ẹni tí oúnjẹ kò kọjá lọ́fun rẹ̀, ẹ mọ ibi tó ń lọ. Àyà mi já. Mo sọ ọ́ fún yín láìfi pamọ́, àyà mi já.

Mo ki ìbọn, mo gbé àpò. Ẹfúnyẹlá ń wò mí. Ó ní, “Bàbá Àrínọlá, ṣé ìbọn lẹ fẹ́ fi pa ọ̀rọ̀ ni?”

Mo ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣáà máa fún un ní ẹ̀kọ mu.” Mo bá tẹsẹ̀ mọ́rìn.

Ẹ má bi mí pé ọ̀nà wo ni mo gbà. Ẹsẹ̀ ọdẹ ló mọ ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kí n ṣáà sọ pé mo bọ́ sí Igbó Ohùn, mo sì bá àpáta kan tó dí ọ̀nà pa. Lára àpáta náà ni ẹnu kan wà, ẹnu lásán, kò ní orí, kò ní ọrùn, ó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà abà. Gbohùngbohùn ni orúkọ iwin náà. Ohunkóhun tí ènìyàn bá sọ, ìrù rẹ̀ ni yóò gbé padà.

Inú mi dùn. Mo ní ọ̀nà ti là nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó ń mú ohùn méjì bára dọ́gba nìyí. Mo kígbe, “Fẹ́rì!”

Ó ní, “Fẹ́rì!”

Mo kígbe lẹ́ẹ̀kejì, mo kígbe lẹ́ẹ̀kẹwàá, tèmi náà ló ń dá padà fún mi. Ẹni tó ń bá dígí jẹun, àwo kan ló wà nílẹ̀. Inú bí mi, mo ní, “Màá fi òkúta fọ́ ọ lórí!”

Ó ní, “Fọ́ ọ lórí!” Òkúta kan já láti òkè, ó bà mí lórí gbòà.

Mo ní, “O ò tó bẹ́ẹ̀, màá gbá ọ ṣubú!”

Ó ní, “Gbá ọ ṣubú!” Mo bá ara mi nílẹ̀.

Làtúndé, má rẹ́rìn-ín. Ká ní ìwọ ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti máa wá egungun rẹ. Èmi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo rò ó wò. Ó yé mi pé ibi tí mo bá fi ọ̀rọ̀ mi parí sí ni iwin yìí ń ṣe sí mi lára. Mo dìde, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára, mo fi ohùn tútù sọ pé, “Ìwọ ẹnu ńlá tí kò ní ikùn, èmi Ọdẹ́níran dúró níwájú rẹ. Ṣé kí n sùn síbí ni, àbí kí n máa lọ?”

Ó ní, “Máa lọ!”

Àpáta là sí méjì, mo gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi yọ̀ǹda mi. Ọgbọ́n wà nínú ikùn yìí, ẹ má wò ó bó ṣe yọ síta.

Ìlú tí mo kọ́kọ́ bá lẹ́yìn ibẹ̀ ni Ìlú Àpọ́nlé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn lé ló ń gbé ibẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ìyàwó tirẹ̀ kan ṣoṣo. Fòò ló fẹ́ Pupa. Báláú ló fẹ́ Funfun. Nini, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń gbọ̀n, òun ló fẹ́ Tutù. Janjan ló fẹ́ Gbóná. Baálẹ̀ wọn ni Fíofío ọkọ Ga, bó bá jókòó, fìlà rẹ̀ ń kan òrùlé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo ní ẹbí ará wọn kan ni mo ń wá, Fẹ́rì lorúkọ rẹ̀.

Háà! Ẹ ò rí ariwo. Fòò fò dìde, ó ní, “Fẹ́rì! Ẹni tó tẹ̀ lé Pupa aya mi lọ́jọ́ Ajé, tó tẹ̀ lé Funfun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí Ọjọ́rú tó pé ó ti wà lẹ́yìn Tutù! Kò sí aya ẹni tí kì í tẹ̀ lé! Kò ní ẹbí níbí, kò sì ní àna!”

Mo fẹ́ tù wọ́n nínú. Òógùn bò mí, mo nu iwájú orí, mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Oòrùn ìlú yín ló dà mí lọ́pọlọ rú, ó gbóná nini.”

Nini dìde, ẹkún gbà á lójú. Ó ní, “Ẹ gbọ́ bí! Ó mú èmi fún Gbóná, lójú ìyàwó mi!” Tutù káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Janjan ti wọlé lọ gbé àdá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣe fẹ́ tú ilé méjì.

Baálẹ̀ Fíofío dá ẹjọ́. Ó ní, “Ẹni tí kò mọ àpọ́nlé lò, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀.” Àwọn mẹ́rin dì mí mú, wọ́n la ẹnu mi, wọ́n ń ṣa àpọ́nlé kúrò níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí obìnrin ṣe ń ṣa kòkòrò kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n kó gbọọrọ, wọ́n kó ràbàtà, wọ́n kó gan-an àti púpọ̀ àti jọjọ. Nígbà tí wọ́n parí, Fíofío nawọ́ sí ọ̀nà kan, ó ní, “Ìkejì ọ̀rọ̀ lò ń wá, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Lọ bá Alárenà.” Wọ́n sì tì mí síta.

Ẹ gbọ́ mi, ìyà ti jẹ mí láyé yìí, ṣùgbọ́n irú ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Èmi tí mo máa ń sọ pé ẹkùn ràbàtà kan báyìí ló yọ, ehín rẹ̀ gùn gbọọrọ, ojú rẹ̀ pọ́n fòò! Mo wá ń rìn nínú igbó, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀, ohun tí mo lè sọ ni: Mo rìn. Òjò rọ̀. Ẹkùn wà. Mo sá. Mo fẹ́ ṣépè fún ìlú náà, gbogbo ohun tó jáde ni, “Inú ń bí mi.” Báwo ló ṣe ń bí mi tó? N kò rí i sọ.

Báyìí ni mo ṣe dé ilé Alárenà. Ẹ mọ iṣẹ́ alárenà, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin títí wọn yóò fi fẹ́ra. Èyí, ọ̀rọ̀ ló ń ṣe é fún. Arúgbó obìnrin ni. Àgò kún àgbàlá rẹ̀, bí àgò adìyẹ, ọ̀rọ̀ ló wà nínú wọn, wọ́n ń ké, wọ́n ń pe ìkejì wọn.

Mo ní, “Ẹ kúulé, Ìyá. Mo ní ọmọ. Fẹ́rì há sí i lọ́fun. Mo ń wá ìkejì.”

Ó wò mí, ó ní, “Ó mà dára o. Ọdẹ ti ń wá síbí tipẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí etí mi máa sinmi.”

Ó ṣí àgò kan, ẹnì kan jó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí ìdí. Alárenà ní, “Mẹ́rì rèé. Ìdùnnú ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Gbọ́ ọ: fẹ́rì, mẹ́rì.” Ohùn wọn dọ́gba lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í lọ sílé ọkọ láìwádìí.

Mo ní, “Ṣé ó mọ ẹkún?”

“Kò mọ̀ ọ́n.”

“Ilé mi ń sunkún. Kò wọlé.”

Ó ṣí èkejì. Ṣẹ́rì ni èyí, ọtí òyìnbó ni, kó tó kí mi ó ti ṣubú lé ògiri. N kò bi í ní nǹkan kan. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Ọkùnrin gíga kan jáde, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ká aṣọ funfun sábẹ́ apá. Alárenà ní Bẹ́rì lorúkọ rẹ̀. Mo bi Alárenà pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Òkú ló ń sin.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkùnrin náà ti ń wo ọ̀nà ilé mi. Mo dúró sí iwájú rẹ̀, mo na apá méjèèjì, mo ní, “Rárá.” Kò sí àpọ́nlé tí mo lè fi kún un. Rárá nìkan. Alárenà tì í padà sínú àgò, ó ní, “Sinmi. Ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ nítorí ohùn nìkan. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ gan-an ni yóò tú u.”

Ìgbà náà ni mo rí ẹnì kan tó jókòó nídìí ààrò, ó ró kíjìpá, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Kò sí nínú àgò. Mo bi Alárenà pé ta nìyẹn.

Ó ní, “Jẹ́rìí ni. Ọmọ ilé yín ni. Àwọn tó ń wá ọkọ fún ọ̀rọ̀ òyìnbó kì í wo ibẹ̀.”

Mo sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n: fẹ́rì, jẹ́rìí. Fẹ́rì, jẹ́rìí. Mo ní, “Ìrù rẹ̀ gùn ju ti fẹ́rì.”

Ó ní, “Ta ló ní kí tọkọtaya ga dọ́gba?”

Ẹ wò ó, ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé Jẹ́rìí kọ́ èjìká. Kò mì. Mo tún gbìyànjú, ó wúwo bí ọlọ. Alárenà jókòó, ó ń wò mí. Ó ní, “Ọdẹ, kì í wúwo fún ẹni tó mọ́. Kí ni ọmọ rẹ rí?”

Mo mọ ohun tó ń bèèrè. Mo fẹ́ purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n àpọ́nlé ni mo fi máa ń wọ aṣọ fún irọ́ mi, wọ́n sì ti kó o tán lẹ́nu mi. Irọ́ tó bá wà níhòòhò, ojú a máa tì í. Òótọ́ nìkan ló kù tó lè jáde. Mo ní:

“Ẹfọ̀n lé mi. Mo ju ìbọn sílẹ̀. Mo gun igi. Ìyàwó mi gbé ìbọn. Ìyàwó mi pa ẹfọ̀n. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní èmi ni mo pa á. Ọmọ mi rí i. Mo ní kó dákẹ́.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, Ẹfúnyẹlá àti Àrínọlá gbé oúnjẹ wá bá mi lóko, wọ́n bá mi lórí igi. Kábíyèsí fi mí jẹ Apẹfọ̀n nítorí ẹran náà, ó dé mi ní fìlà, ìyàwó mi sì wà láàárín àwọn obìnrin tó ń kọrin kí mi. Ó bo àṣírí ọkọ rẹ̀. Ọmọ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mì. Wọ́n ní kó kọ ohun tó rí, ó kọ ohun tí mo ní kó sọ, ó há.

Nígbà tí mo parí, Jẹ́rìí fúnra rẹ̀ dìde, ó fúyẹ́, ó wọ ẹnu mi lọ. Alárenà ní, “Ibi tí o ti pa irọ́ náà ni kí o ti lò ó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá.”

Mo délé lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Egungun ni mo bá lórí ẹní, ojú nìkan ló ṣẹ́kù lára ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, mo ní kí n kọ́kọ́ dán ọgbọ́n wò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Jẹ́rìí.” Ó wò mí. Ó ní, “Fẹ́rì,” ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ẹfúnyẹlá ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní, “Bàbá Àrínọlá, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é?”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

“Kí ló wá dá yín dúró?”

“Wọn á gba fìlà mi.”

Ó ní, “Ṣé fìlà ló ń pè yín ní bàbá ni?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pọn Àrínọlá, ó gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá mi ní orúnkún, kò sì wúwo. Mo gbé e lọ sí ààfin. Kábíyèsí jókòó, àwọn ìjòyè pé, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Alárenà, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Ẹfọ̀n lé mi. Mo gun igi. Ìyàwó mi pa á.

Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ọdẹ kan rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú láti orí àpótí. Wọ́n ń bi mí bóyá igi náà ní èso. Mo dojú bolẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n rín in. Kábíyèsí gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè, ariwo rọlẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ́níran, ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí ṣòro. Ta ló jẹ́rìí rẹ?”

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi, ní etí mi níbẹ̀. Ọmọ mi ní:

“Bàbá mi gbóyà fẹ́rì,
Ó ṣojú mi, mo jẹ́rìí.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ń sunkún gbuurugbu, ìgbà tí mo sì gbọ́ ara mi tí mo ń sunkún gbuurugbu ni mo mọ̀ pé àpọ́nlé mi ti padà dé. Àrínọlá ní ebi ń pa òun, ó ní ebi ń pa òun gidi gan-an, iṣu lòun fẹ́, òun kò fẹ́ ẹ̀kọ. Kábíyèsí bọ́ fìlà lórí mi, ó ní kí wọ́n lọ pe Ẹfúnyẹlá.

Ibi tí mo gbé e dé nìyí, n kò gbé e kọjá. Ẹni tó bá rò pé mo ti fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lé e, kó wọlé lọ bi Apẹfọ̀n tó ń bẹ iṣu nídìí ààrò. Ẹ kí i dáadáa o, inú rẹ̀ kì í dùn sí ẹni tó bá fi ìkánjú kí i.